Kẹ́tùlù Tánganran Tí Bàbá Mi Rọ

Kí àwa tó mọ ohun tó ń ṣe ọkọ mi, gbogbo abúlé ti mọ̀ ọ́n. Ọtí ni. Ìyá Chunbo, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa ní òdìkejì odò, kò tilẹ̀ fi bò fún mi. Ibi tí a ti ń fọ ẹ̀fọ́ létí omi ló ti pè mí:

"Qiaofen, ṣé o ò rí i pé ẹyinjú ọkọ ẹ ti pọ́n bíi pupa ẹyin ni? Ọtí ti jẹ ẹ̀dọ̀ ẹ̀ tán. Tètè lọ wá ẹni tó máa bá ẹ kórè ìrẹsì lọ́dún yìí."

Mo ní kó máa fọ ẹ̀fọ́ ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo jókòó sẹ́yìn ààrò, mo sunkún.

Mi ò ní purọ́, Lou Yongnian fẹ́ràn ọtí. Kì í ṣe ọ̀mùtí tó ń ṣubú sí gọ́tà o. Káfíńtà ni, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, tó fọ ẹsẹ̀ tán, ó gbọ́dọ̀ rí ọtí ìrẹsì tí èmi fúnra mi pọn, kó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo máa bù ú sínú kẹ́tùlù tánganran wa, màá gbé kẹ́tùlù náà sínú omi gbígbóná títí èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ á fi máa jáde lẹ́nu rẹ̀. Kẹ́tùlù kan ni ní ìrọ̀lẹ́ kan. Nígbà òtútù, á di méjì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n la fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi ló rọ kẹ́tùlù náà. Ying Dexi ni orúkọ wọn, alágbẹ̀dẹ tó ń rọ tánganran, irin funfun tó ń dán. Ní ọ̀dọ̀ wa, ìyàwó tí kò bá gbé ohun èlò tánganran lọ sílé ọkọ, ojú tì í. Ilé tí kẹ́tùlù bàbá mi kò sí ní àfonífojì wa kò pọ̀, òǹtẹ̀ wọn sì wà ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n rọ fún mi ló dára jù nínú gbogbo wọn. Wọ́n gbẹ́ ẹja méjì sí i lára, tí wọ́n kọjú síra wọn. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e fún mi, wọ́n ní, "Bí ọkọ ẹ bá ń bínú, bu ọtí gbígbóná fún un nínú èyí. Inú ẹ̀ á rọ̀."

Inú ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Yongnian á kàn ká kò sórí bẹ́ǹṣì iṣẹ́ rẹ̀, á ní ó dà bíi pé ẹnìkan ń fún ìfun òun bí aṣọ tí a fọ̀. Ó lè tó ọjọ́ márùn-ún kó má yàgbẹ́. Ó ní gbogbo oúnjẹ ń rùn bí ìṣó lẹ́nu òun. Ó gbẹ, ó funfun bí ẹni tí kò ní ẹ̀jẹ̀ lára, lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ wá pọ́n.

Dókítà ọ̀dọ́ kan ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní ìlú ọjà gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí èsì dé, kò gbójú sókè wò wá. Ó ní, "Ẹ̀dọ̀ yín ti wú. Ọtí ni. Ẹ jáwọ́, àbí kẹ́ ẹ kú."

Yongnian jáwọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Òun fúnra rẹ̀ ló da ìkòkò ọtí méjèèjì sínú ọgbà ẹ̀fọ́. Ọ̀sẹ̀ kìíní yẹn le. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, òógùn ń bò ó, bó sì di ìrọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ á máa wá ibi tí kẹ́tùlù máa ń wà. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo rò ó pé bí ọtí bá tilẹ̀ lọ, kò yẹ kí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Mo ti sá èso yangmei gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èso pupa kíkan tó ń mú kí eyín kan. Mo sè é, mo dà á sínú kẹ́tùlù tánganran, mo gbé e sórí ààrò láàárọ̀, á sì wà níbẹ̀ ní wọ́ọ́rọ́ títí ọkọ mi á fi dé.

Ó mu ún, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá Ruoyun, ó kan jù! Ṣùgbọ́n ó dáa ju omi lásán lọ."

Ruoyun ni ọmọ wa obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní Jinhua, ìlú ńlá agbègbè wa.

Oṣù méjì kọjá. Dípò kára rẹ̀ yá, ńṣe ló ń burú sí i. A padà sọ́dọ̀ dókítà ọ̀dọ́ yẹn, ó wo ìwé, ó mí kanlẹ̀.

"Bàbá, ẹ ń mu ún ní kọ̀rọ̀."

"Mi ò fẹnu kàn án."

"Ẹ̀jẹ̀ yín ò sọ bẹ́ẹ̀."

Ta ni kí n gbàgbọ́, ọkọ mi àbí ìwé? Ìwé ni mo gbàgbọ́. Bó bá sùn, màá gbóòórùn ẹnu rẹ̀. Mo tú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, mo wá abẹ́ ibùsùn, mo wọ ilé adìyẹ. Lọ́jọ́ kan, mo rí ìgò kan lẹ́yìn àwọn pákó, mo sì gbé e lọ bá a níbi tó ti ń jẹun. Mo gbé e kalẹ̀ gbàà níwájú rẹ̀. Ọ̀dà tó fi ń pa pákó láró ni. Ó ṣí i, ó ní kí n gbóòórùn rẹ̀. Mo mọ̀ pé mo ṣe àṣìṣe, síbẹ̀ mi ò tọrọ àforíjì. Mo ní:

"Bó o bá fẹ́ kú, kú. Ṣùgbọ́n má ṣe fi mí ṣe òmùgọ̀ nínú ilé ara mi."

Ó gbé ṣọ́pítíìkì tó fi ń jẹun sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ga rárá.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi mutí lójú ẹ, Qiaofen. Mi ò fi pa mọ́ rí. Kí ló máa wá mú mi fi pa mọ́ ní báyìí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ìbínú ti gòkè, mo jáde lọ fún adìyẹ lóúnjẹ. Ọjọ́ mẹ́rin la ò fi bá ara wa sọ̀rọ̀ ju "ó ti sè" àti "mo ti yó" lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ó fẹ́ fá pákó kan. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò gbé irinṣẹ́ náà mọ́. Ó na apá, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì wó sílẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa. Káfíńtà ni, ẹ rántí. Ó wo ọwọ́ yẹn, ó wò mí. Mo pe Ruoyun. Kó tó di ọ̀sán, ó ti gbé mọ́tò wá, ó gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Jinhua.

Dókítà Pang ni wọ́n ní ká rí. Obìnrin kúkúrú, irun rẹ̀ ti ń funfun, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ta ẹja lọ́jà. Kò kọ́kọ́ wo ìwé. Ó di ọwọ́ Yongnian mú, ó ní kó gbé ọrùn ọwọ́ sókè, kò gbé e. Ó ní kó la ẹnu. Ó fi ìka gbé ètè rẹ̀ sókè, ó sì tan iná sí i.

"Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ sún mọ́bí. Ẹ wo eérìgì rẹ̀."

Mo wò ó. Ìlà kan wà níbi tí eérìgì ti pàdé eyín, ó dúdú bí aró, bí ẹni pé wọ́n fi pẹ́ńsùlù fà á. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo ti ń wo ẹnu yẹn, mi ò rí i rí.

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, Bàbá?"

"Káfíńtà."

"Ẹ ò ṣe bátìrì? Ẹ ò yọ́ irin?"

"Rárá o."

"Kí lẹ fi ń mu?"

Yongnian bínú. "Dókítà, mi ò mutí mọ́! Èèyàn mélòó ni kí n sọ ọ́ fún?"

"Mi ò bi yín ní ohun tẹ́ ẹ̀ ń mu. Mo ní kí lẹ fi ń mu ún? Nínú kí ni?"

Èmi ni mo dáhùn, mo sì ń yangàn bí mo ti ń sọ ọ́. "Kẹ́tùlù tánganran gidi ni, dókítà. Bàbá mi ló rọ ọ́ fún ìgbéyàwó wa."

Dókítà Pang rọra fi bírò rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ míì fún àyẹ̀wò kan tí ilé ìwòsàn kékeré ò mọ̀ pé ó yẹ káwọn ṣe. Ruoyun padà sílé lọ gbé kẹ́tùlù wá, wọ́n yẹ òun náà wò. Nígbà tí èsì pé, Dókítà Pang fa àga, ó jókòó síwájú wa. Ó ní òjé, irin wúwo tó jẹ́ májèlé nínú ara, ti kún inú ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi. Ó ní nínú kẹ́tùlù yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́ta ni òjé, kì í ṣe tánganran.

"Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ ẹ̀dọ̀?" ló bi wá. "Alágbàfọ̀ ni. Gbogbo ìdọ̀tí tó bá wọ inú ara, òun ló ń fọ̀ ọ́, ó sì ní ọṣẹ tó fi ń fọ̀ ọ́. Bẹ́ ẹ bá ń mutí lójoojúmọ́, ọtí á máa jẹ ọṣẹ yẹn, á sì máa na alágbàfọ̀ náà. Síbẹ̀ á ṣì máa gbìyànjú. Òjé náà wá dé. Òjé á gba ọṣẹ tó kù, á sì jókòó tì í. Ọtí nìkan á ṣe é léṣe. Òjé nìkan á ṣe é léṣe. Bí àwọn méjèèjì bá wá pàdé nínú ẹ̀dọ̀ kan, ọ̀ràn náà kúrò ní kékeré. Nínú kẹ́tùlù kan náà lẹ sì ti ń bù wọ́n mu."

Mo ní, "Ṣùgbọ́n ó ti jáwọ́ nínú ọtí láti oṣù méjì, dókítà. Kí ló dé tí kò yé burú sí i?"

"Kí ló wá ń mu látìgbà náà?"

"Omi yangmei ni. Èmi ni mo ń sè é fún un."

"Nínú kẹ́tùlù yẹn?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ohùn Dókítà Pang rọlẹ̀ díẹ̀. "Màmá, ohun kíkan máa ń fa òjé jáde lára tánganran ju ọtí lọ."

Ọwọ́ mi ni. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń gbé e sórí ààrò láti àárọ̀ títí di alẹ́. Mo yíjú sí ọkọ mi, mo ní, "Èmi ni. Èmi ni mo ń bù ú fún ẹ. Mo tún ń gbóòórùn ẹnu ẹ."

Ẹ̀rín ni mo gbọ́. Yongnian, egungun àti awọ lásán, ń rẹ́rìn-ín tó fi ń di inú mú.

"Ó dáa," ló wí. "Ó kéré tán, o ti wá mọ̀ báyìí pé mi ò mutí ní kọ̀rọ̀."

"Dárí jì mí, bàbá Ruoyun."

"Kí n dárí kí ni jì ẹ́? Omi yẹn kan jù, ìyẹn nìkan ni mo fi ń bá ẹ jà."

Dókítà Pang náà rẹ́rìn-ín. Ó ní inú òun dùn sí ohun kan: ẹ̀dọ̀ náà wú, ó gbọgbẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì le gbagidi. "Ẹ̀dọ̀ kì í ṣe eyín. Bẹ́ ẹ bá gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀, ó lè tún ara rẹ̀ ṣe." Wọ́n máa fa oògùn tó ń kó òjé jáde sí i lára fún ọjọ́ díẹ̀, á sinmi, wọ́n á tún fà á. Ọtí kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu rẹ̀ mọ́ láéláé, ì báà jẹ́ nínú ife wúrà.

Ó ku bàbá mi.

Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni wọ́n nígbà náà. Wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí. Mo jókòó sórí òkúta ẹnu ọ̀nà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ojú wọn le.

"Kẹ́tùlù mi? Kẹ́tùlù tí mo ń rọ jẹun láti kékeré mi?"

"Bàbá, ṣé ẹ fi òjé sí i?"

"Ta ni kì í fi òjé sí i? Tánganran lásán le, ó máa ń sán. Òjé ló ń mú kó rọ̀ lábẹ́ òòlù, kó sì dán. Bí ọ̀gá mi ti ṣe nìyẹn, bí ọ̀gá tiẹ̀ náà ti ṣe nìyẹn. Lọ sọ fún dókítà ẹ kó wá kọ́ mi níṣẹ́!"

Mo fẹ́ dìde. Ìbéèrè kan wá sọ́kàn mi lójijì, ìbéèrè tó ti yẹ kí n bi wọ́n láti kékeré.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ̀yin kì í mutí?"

Wọ́n wo ọwọ́ wọn.

"Ọ̀gá mi máa ń mutí. Sheng lorúkọ ẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ló lò láyé. Inú ẹ̀ wú, ojú ẹ̀ pọ́n. Kó tó kú, ó pe àwa ọmọ iṣẹ́ ẹ̀, ó ní iná tánganran àti ọtí ò lè jọ gbé inú ẹnì kan, ká yan ọ̀kan. Mo yan tánganran. Èéfín iná ni mo rò pé ó ń sọ, Qiaofen. Mi ò mọ̀ pé ohun náà lè tẹ̀ lé kẹ́tùlù jáde ní ṣọ́ọ̀bù."

"Ṣé ẹ ò rò ó ni, àbí ẹ ò fẹ́ rò ó?"

Mo kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ náà bó ti ń jáde lẹ́nu mi. Ibẹ̀ ni mo fi wọ́n sílẹ̀ sí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ikọ́ níwájú ilé. Bàbá mi ni, wọ́n gbé àpò irinṣẹ́ tí wọn ò fọwọ́ kàn láti ọdún bíi mélòó kan kọ́ èjìká. Wọ́n ní kí n gbé kẹ́tùlù wá. Wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n fi ẹ̀rọ ìdálu tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí lu ìdí rẹ̀, láàárín òǹtẹ̀ orúkọ ara wọn gan-an, títí ihò fi là já. Wọ́n dá a padà fún mi.

"Gbé e sórí pẹpẹ. Ìgbéyàwó yín ni. Ṣùgbọ́n ohunkóhun ò gbọ́dọ̀ dúró nínú ẹ̀ mọ́."

Láti ọ̀dọ̀ wa, wọ́n bọ́ sí ilé kejì, àti sí ilé tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, arúgbó tó ń kanlẹ̀kùn tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun ba iṣẹ́ ọwọ́ òun jẹ́. Àwọn kan ní orí bàbá ti dàrú. Ẹnìkan ní kẹ́tùlù tuntun ni wọ́n fẹ́ tà. Ọkùnrin kan ní bàbá bàbá òun fi tirẹ̀ mutí títí di àádọ́rùn-ún ọdún.

"Bóyá irin ni bàbá bàbá ẹ," ni bàbá mi fi dá a lóhùn. "Ṣé irin nìwọ náà?"

Ìyá Chunbo ló le jù. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀.

"Bàbá Ying, ẹ máa lọ! Kẹ́tùlù tí ìyá mi rà fún mi lẹ fẹ́ lu?"

"Ó sàn kí n lu ìdí kẹ́tùlù ju kó lu ẹ̀dọ̀ ọkọ ẹ lọ."

"Ọkọ mi kì í mutí tó Yongnian!"

"Irọ́ ni," ni ohùn ọkọ rẹ̀ wí láti inú ilé, "mo mu jù ú lọ dáadáa."

Ìgbà yẹn ni Yongnian dé láti ilé ìwòsàn fún ìsinmi rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó gbọ́ ohun tí bàbá ń ṣe, ó wọ bàtà. Mo ní kó dùbúlẹ̀, kò gbọ́. Kò lè gbé àpò, kò lè yí ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wó síbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń ṣe. Bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà, tí onílé sì ń ṣagídí, Yongnian á bọ́ síwájú, á fi ìka gbé ètè rẹ̀ sókè, á sì fi eérìgì rẹ̀ hàn wọ́n. Ẹ ò lè bá ìlà dúdú yẹn jiyàn. Àwọn èèyàn á wò ó, wọ́n á sì wọlé lọ wo ẹnu ara wọn nínú dígí.

Wọ́n padà sọ́dọ̀ Ìyá Chunbo, òun náà sì wò ó. Ó wọlé, ó gbé kẹ́tùlù jáde, lẹ́yìn ìyẹn ó tún wọlé, ó fa ọkọ rẹ̀ jáde ní apá.

"La ẹnu," ló wí fún un, níwájú gbogbo wa. Ìlà wà níbẹ̀.

Nígbà tí Dókítà Pang gbọ́, ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo abúlé. Èèyàn mọ́kànlá ni òjé wà lára wọn ju bó ti yẹ lọ. Àwọn tó ń mutí nínú wọn ni ẹ̀dọ̀ wọn ti bà jẹ́ jù, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ti kọjá àtúnṣe. Bàbá mi tún lọ sí àwọn abúlé òkè, wọ́n ń rìn láti ilé dé ilé títí ìgbà òtútù fi dé. Àwọn kan kò gbà fún wọn títí dòní.

Ara Yongnian kò yá lọ́jọ́ kan. Ìgbà mẹ́rin la lọ fa oògùn. Inú rírun ló kọ́kọ́ dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú rẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ló pẹ́ jù. Lọ́jọ́ kan nígbà ìrúwé, mo ń gé àlùbọ́sà, mo gbọ́ ìró kan láti ibi iṣẹ́ rẹ̀, gbooro, ó dùn létí. Mo sáré jáde. Ó ti fá pákó kan láti orí dé ìdí láìdúró, awọ pákó náà sì ká jọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò wo ojú mi. Ó ní, "Má dúró síbẹ̀ o, ọbẹ̀ ń jóná." Ó sì ń jóná lóòótọ́.

Nísinsìnyí, tíì ló ń mu. Bí a bá lọ síbi ìgbéyàwó, tí wọ́n ń gbé ife sókè, mo máa ń rí i bí ojú rẹ̀ ṣe ń tẹ̀ lé ọtí àwọn ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún mẹ́ta tí kò fẹnu kàn án.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé àìsàn náà, Dókítà Pang ní kí bàbá mi náà wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Òjé inú wọn pọ̀ ju ti gbogbo wa lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ wọn mọ́. Bàbá ní ẹni ọgọ́rin ọdún kò nílò oògùn. Yongnian ni kò gbà. Òun ló mú wọn lọ, òun ló jókòó tì wọ́n lórí ibùsùn ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fi fa oògùn náà. Àwọn méjì tí kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ ju ìkíni lọ láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa, wọ́n wá ń jiyàn lórí pákó, lórí epo, lórí ẹni tó ń dènà fèrèsé.

Nígbà tí a ń padà bọ̀ wálé, oorun gbé bàbá lọ nínú bọ́ọ̀sì, orí wọn sì bọ́ sí èjìká Yongnian. Mo rí ibi tí a ó ti sọ̀. Mo fi ọwọ́ kan ọkọ mi. Ó mi orí pé rárá. Bọ́ọ̀sì kọjá ibẹ̀, títí dé ibùdókọ̀ kejì, kí bàbá tó jí.

"Ibo la wà yìí? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò jí mi?"

"Bàbá, ẹ ń hanrun."

"Èmi? Èmi kì í hanrun láyé mi!"

A sọ̀ kalẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn padà lọ́nà àárín oko, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àwọn méjèèjì níwájú, wọ́n ṣì ń jiyàn.